Àrokò Kì í Ṣe Ti Ẹni Tí Ó Gbé E: Ìwà Ọmọlúàbí láàrin Àwọn Ajẹ́ńtì Ilé

Ìfáàrà

Kí ìwé kíkọ tó gbilẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá, àrokò jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn ọ̀nà tí àwọn baba ńlá ń gbà bá ẹni tí ó wà lókèèrè sọ̀rọ̀. Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tí kò mọ̀ pé bí ẹnìkan bá fi owó ẹyọ mẹ́fà ránṣẹ́ sí ẹlòmíràn, ohun tí ó ń wí ni pé ọkàn òun fà sí i. Bí ẹni tí a ránṣẹ́ sí bá sì fi ẹyọ mẹ́jọ dá èsì padà, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ. Ẹni tí ó gbé àrokò kò ní nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ẹsẹ̀ tí ó fi rìn lọ. Bí ó bá yọ ẹyọ méjì nínú mẹ́jọ sí àpò ara rẹ̀, kì í ṣe owó nìkan ni ó jí. Ó ti sọ èsì di ìbéèrè, ó sì ti ba ọ̀rọ̀ ẹni méjì jẹ́ láìjẹ́ pé èyíkéyìí nínú wọn mọ̀.

Ajẹ́ńtì ilé ni ó ń gbé irú àrokò bẹ́ẹ̀ lóde òní. Láàrin ẹni tí ó ń ta ilé àti ẹni tí ó fẹ́ rà á, òun ni ó ń gbé iye tí a ná ilé lọ, òun náà ni ó sì ń gbé èsì bọ̀. Ní Èkó, Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti àwọn ìlú ńlá mìíràn, kì í sábà jẹ́ ajẹ́ńtì kan ṣoṣo ni ó ń wà láàrin, bí kò ṣe méjì, mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí àwọn wọ̀nyí ṣe ń bá ara wọn lò tó ohun tí àwùjọ ń gbé yẹ̀ wò, nítorí pé àìbọ̀wọ̀ fún ara wọn kì í dúró sọ́dọ̀ wọn. Orí oníbàárà ni ó máa ń já lé nígbẹ̀yìn.

Bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ

Onílé a fa ilé lé ajẹ́ńtì kan lọ́wọ́. Ajẹ́ńtì yìí a ya àwòrán rẹ̀, a sì fi ránṣẹ́ sí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lórí WhatsApp. Àwọn náà a fi ránṣẹ́ sí àwọn mìíràn. Kí ọ̀rọ̀ tó dé etí ẹni tí ó ń wá ilé, ó ti gba ẹnu mẹ́rin kọjá, olúkúlùkù ẹnu náà sì ń retí ìpín nínú owó iṣẹ́. Ẹni tí ó mọ onílé kò mọ olùrà. Ẹni tí ó mọ olùrà kò mọ onílé. Nínú òkùnkùn bẹ́ẹ̀ ni ìwà burúkú ti ń rí ibi farapamọ́ sí.

Èyí tí ó burú jù nínú wọn ni kí ajẹ́ńtì jókòó lé iye tí ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé wá. Bí àpẹẹrẹ, ká ní onílé kan ń béèrè ₦40,000,000 lórí ilé rẹ̀, tí owó iṣẹ́ ajẹ́ńtì sì jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún. Ajẹ́ńtì kejì mú oníbàárà wá tí ó ná ilé náà ní ₦36,000,000. Ṣùgbọ́n ajẹ́ńtì onílé ní oníbàárà tirẹ̀ tí ó ná an ní ₦34,000,000. Bí ilé náà bá lọ ní ₦36,000,000, owó iṣẹ́ yóò jẹ́ ₦1,800,000, àwọn méjèèjì yóò sì pín in ní ₦900,000 fún ẹnìkọ̀ọ̀kan. Bí ó bá lọ ní ₦34,000,000, ₦1,700,000 ni owó iṣẹ́, ajẹ́ńtì onílé nìkan ni yóò sì kó o. Bí ó bá pa ẹnu mọ́ lórí iye àkọ́kọ́, yóò jèrè ₦800,000, onílé tí ó gbẹ́kẹ̀ lé e yóò sì pàdánù ₦2,000,000. Ohun tí ó dà bí àìka ẹlẹgbẹ́ sí lásán ti di olè jíjà nínú ilé ẹni tí ó ní kí ó wá ṣọ́ ilé.

Àwọn àléébù mìíràn náà kò ṣeé fọwọ́ bò. Àwọn kan a máa pa irọ́ pé ẹnìkan ti ná ilé ju bẹ́ẹ̀ lọ, nígbà tí kò sí ẹni tí ó ná an rárá, kí olùrà lè fi owó kún owó. Àwọn mìíràn a máa tú iye tí oníbàárà ẹlẹgbẹ́ wọn ná sí etí oníbàárà tiwọn, kí ó lè fi díẹ̀ borí rẹ̀. A tún rí àwọn tí ó jẹ́ pé níbi tí wọ́n ti jọ lọ wo ilé ni wọn yóò ti gba nọ́ńbà tẹlifóònù oníbàárà ẹlòmíràn ní kọ̀rọ̀. Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti pè é. Àwọn kan kì í tilẹ̀ dá èsì kankan padà. Wọn a fi ẹlẹgbẹ́ wọn àti oníbàárà rẹ̀ sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì láìsọ bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ìbẹ̀rù tí ó bí àṣà náà

Kò ní dára kí a dá àwọn ajẹ́ńtì lẹ́bi láìwo ohun tí ó ń lé wọn. Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ìyàwó bá mojú ọkọ tán, alárenà á yẹ̀ba. Nínú ìgbéyàwó, yíyẹ̀ba alárenà kò la ìyà lọ, nítorí pé a ti dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ajẹ́ńtì tí ó bá yẹ̀ba kí owó tó dé ọwọ́ rẹ̀ ti ṣiṣẹ́ ọ̀fẹ́ nìyẹn. Ó ti ná owó ọkọ̀, ó ti dúró nínú oòrùn, ó ti mú ènìyàn mẹ́wàá lọ wo ilé kan náà. Onílé tí ó fa ilé kan ṣoṣo lé ajẹ́ńtì márùn-ún lọ́wọ́, tí ó sì ń fi wọ́n díje, ń dá kún ọ̀rọ̀ náà. Olùrà tí ó padà lọ kan ilẹ̀kùn onílé ní ẹ̀yìn ajẹ́ńtì tí ó mú un dé ibẹ̀ kò mọ́wọ́ mọ́sẹ̀. Ẹni tí wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún lẹ́ẹ̀mejì yóò bẹ̀rẹ̀ sí í fi gbogbo nǹkan pamọ́.

Ṣùgbọ́n ìpamọ́ kò wo àrùn yìí sàn. Bí ajẹ́ńtì kìn-ín-ní bá fi nǹkan pamọ́ nítorí ìbẹ̀rù ìkejì, ìkejì náà yóò ní ìdí láti bẹ̀rù rẹ̀. Ohun tí ó lè lé ìbẹ̀rù náà lọ ni kí olúkúlùkù mọ̀ dájú pé ìpín òun kò ní sọnù bí òun bá sọ òtítọ́. Ohun tí ọ̀wọ̀ láàrin ẹlẹgbẹ́ wà fún nìyí. Kì í ṣe ìkíni àti ẹ̀rín ẹnu lásán. Òun ni ògiri tí ó ń dáàbò bo owó oníbàárà.

Iṣẹ́ ẹrú àti ti ọmọ

Àwọn kan lè fi òwe gbè é lẹ́sẹ̀ pé bí a bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à fi tọmọ jẹ́ ẹ. Wọn yóò ní òwe yìí fún oníṣẹ́ láyè láti tún iṣẹ́ ṣe. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ó yẹ kí a mọ ohun tí ó láyè láti tún ṣe. Bí olùrà bá sọ pé, “Ilé yìí ti gbó, kò tó ju mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógójì lọ, bí wọn kò bá gbà kí wọ́n fi sílẹ̀,” ajẹ́ńtì ọmọlúàbí lè dé ọ̀dọ̀ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ kí ó wí pé, “Oníbàárà mi fẹ́ràn ilé náà, mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógójì ni agbára rẹ̀ ká.” Ẹ̀gún ọ̀rọ̀ ti kúrò, ìjà kò ní bẹ́ sílẹ̀, ṣùgbọ́n mílíọ̀nù mẹ́rìndínlógójì kò yí padà. Ohùn ni òwe náà fún oníṣẹ́ láyè láti tún ṣe. Kò fún un láyè láti dín iye kù, láti fi kún un, tàbí láti gbé e mì.

Òfin àti ibi tí agbára rẹ̀ mọ

Kì í ṣe pé kò sí òfin. Ọdún 1969 ni wọ́n dá ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa ilé àti ilẹ̀, tí a mọ̀ sí NIESV, sílẹ̀ ní Nàìjíríà. Ní ọdún 1975, ìjọba àpapọ̀ gbé Òfin Kẹrìnlélógún jáde, èyí tí ó fìdí ìgbìmọ̀ ESVARBON múlẹ̀ láti máa fi orúkọ wọn sílẹ̀ kí ó sì máa mójú tó ìwà wọn. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó náà ní àjọ LASRERA tí ó ń mójú tó òwò ilé àti ilẹ̀. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí ń fi ilé han ènìyàn ní àdúgbò kò sí nínú ẹgbẹ́ kankan. Àkọlé tí ó kún ara ògiri ní Èkó, pé ilé yìí kì í ṣe títà, ti tó ẹ̀rí pé àwọn onílé kò tíì fọkàn balẹ̀.

Àwọn ará òkè òkun náà mọ irú ìṣòro yìí. Ní Amẹ́ríkà, ẹgbẹ́ àwọn ajẹ́ńtì ilé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1908 gbé ìwé ìlànà ìwà iṣẹ́ kalẹ̀ ní ọdún 1913. Ìlànà náà sọ pé kí ajẹ́ńtì gbé gbogbo iye tí a ná ilé dé ọ̀dọ̀ onílé kíákíá láìṣègbè, kí ó má sì dá sí oníbàárà tí ó ti bá ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àdéhùn. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òfin kan tí ó jáde ní ọdún 1991 lábẹ́ Òfin Ajẹ́ńtì Ilé ti 1979 ka á sí àṣà tí kò tọ́ bí ajẹ́ńtì kò bá tètè fi ìwé sọ iye tí a ná ilé fún onílé. Ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá tí ń gbé ní London tàbí Houston ti gbádùn irú ààbò yìí níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ ra ilé sí Ìbàdàn tàbí Ìkòròdú, tí wọn kò lè fojú ara wọn rí ohunkóhun, ẹnu ajẹ́ńtì nìkan ni ojú wọn. Àwọn ni irọ́ inú iṣẹ́ yìí lè pa lára jù.

Ṣùgbọ́n òfin kò lè jókòó sí àárín ẹni méjì tí wọ́n ń bá ara wọn sọ̀rọ̀ lórí tẹlifóònù ní agogo mẹ́sàn-án alẹ́. Ìwà nìkan ni ó lè dé ibẹ̀.

Ohun tí ó yẹ ní ṣíṣe

Àkọ́kọ́, kí àwọn ajẹ́ńtì tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ lórí ilé kan kọ ìpín ẹnìkọ̀ọ̀kan sílẹ̀ kí wọ́n tó mú ẹnikẹ́ni lọ wo ilé náà. Èkejì, kí wọ́n máa fi iye tí a ná ilé ránṣẹ́ ní kíkọ, pẹ̀lú ọjọ́ àti àkókò, kí ó má baà jẹ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán. Ẹ̀kẹta, kí ajẹ́ńtì onílé gbé gbogbo iye dé iwájú onílé, ìbáà jẹ́ èyí tí ó kéré, kí ó sì jẹ́ kí onílé fúnra rẹ̀ yàn. Ẹ̀kẹrin, kí ẹnikẹ́ni má ṣe tú iye tí oníbàárà kan ná fún oníbàárà kejì láìgba àṣẹ. Ẹ̀karùn-ún, kí èsì máa tètè padà, bí ó tilẹ̀ jẹ́ “rárá” ni. Ajẹ́ńtì tí ó bá sì ń ṣojú onílé àti olùrà pọ̀ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún àwọn méjèèjì, nítorí pé adìyẹ bà lókùn, ara kò rọ okùn, ara kò rọ adìyẹ.

Ẹni tí ó bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lè pàdánù owó iṣẹ́ kan lónìí. Ṣùgbọ́n ìlú kò tóbi tó bí ènìyàn ṣe rò. Ajẹ́ńtì tí ó gbé iye ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mì ní oṣù yìí ni yóò nílò oníbàárà ẹlẹgbẹ́ náà ní oṣù tí ń bọ̀, nígbà tí ilé bá wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí kò rí ẹni rà á.

Ìgúnlẹ̀

Ọ̀rọ̀ yìí kan olùkọ́ pẹ̀lú. Kí ọmọ tó di ajẹ́ńtì, a ti rán an níṣẹ́ rí: wọ́n ti ní kí ó lọ ra iyọ̀ wá, kí ó sì mú ṣéńjì bọ̀, olùkọ́ ti fi ìwé rán an sí kíláàsì kejì. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ bóyá iṣẹ́ tí a rán an jẹ́ tirẹ̀ tàbí ti ẹlòmíràn. Olùkọ́ tí ó ń kọ́ni ní àrokò lè má dúró lórí ìtumọ̀ ẹyọ mẹ́fà àti mẹ́jọ nìkan. Ó lè béèrè lọ́wọ́ kíláàsì rẹ̀ pé kí ni ó ń mú kí ẹni tí ó gbé ẹyọ mẹ́jọ, tí ó ń dá rìn nínú igbó, tí ẹnikẹ́ni kò rí i, gbé mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ dé ibi tí a rán an. Ọmọ tí ó bá rí ìdáhùn sí ìbéèrè náà ni a lè fa kọ́kọ́rọ́ ilé lé lọ́wọ́ lọ́jọ́ iwájú.