Bílíọ̀nù Wáàtì Nìkan Kò Tó

Láti ọdún 1973, tí àwọn onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ilẹ̀ Soviet ti mú ìgbì microwave alágbára ńlá jáde láti ara ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù tí eré wọn súnmọ́ ti ìmọ́lẹ̀, iye wáàtì ni aráyé fi ń yin irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Èyí tó bá ti dé bílíọ̀nù kan ni à ń pàtẹ́wọ́ fún. Òṣùwọ̀n náà kò pé.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bílíọ̀nù kan wáàtì tó wà fún nánósẹ́kọ́ńdì 10, ìyẹn ìṣẹ́jú àáyá kan tí a pín sí ọ̀nà mílíọ̀nù ọgọ́rùn-ún, kò ju júùlù 10 lọ. Gílóòbù 60 wáàtì ń jẹ ìlọ́po mẹ́fà ìyẹn láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ní ibùdó SLAC ní California, ẹ̀rọ klystron tí wọ́n ń pè ní 5045, tí òun náà ń mú ìgbì microwave jáde, kì í ju mílíọ̀nù 65 wáàtì lọ, ṣùgbọ́n máíkírósẹ́kọ́ńdì 3.5 ló fi ń tú u jáde. Ó lé ní júùlù 220 lẹ́ẹ̀kan, ó sì lè ṣe é nígbà 120 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Lójú ẹni tó ń ka wáàtì, àbúrò ni. Nídìí iṣẹ́, ẹ̀gbọ́n ni.

Cathode, ìyẹn apá ẹ̀rọ tí ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù ti ń jáde, wà lára ohun tó fa ìyàtọ̀ náà. Nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ oníbílíọ̀nù wáàtì, iná mànàmáná a máa le débi pé àwọn ṣóńṣó tíntìntín ojú cathode yóò bú, wọn yóò di plasma, ìyẹn gáàsì gbígbóná tí iná lè ṣàn kọjá nínú rẹ̀. Plasma yìí ló ń tú ẹ́lẹ́kítírọ́ọ̀nù jáde, òun náà ló sì ń rìn lọ bá anode tó wà ní òdìkejì títí àlàfo àárín wọn fi dí. Ìgbì á wá kú nígbà tí iná ṣì ń ṣàn. Fífi kún iná kò wo àrùn yìí. Cathode inú klystron ní tirẹ̀, gbígbóná ni wọ́n ń mú un gbóná nínú òfìfo tó mọ́ tónítóní, ó sì ń ṣiṣẹ́ fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún wákàtí.

Òótọ́ ni pé rédà nílò ìtújáde kúkúrú: nánósẹ́kọ́ńdì 5 lè fi ìyàtọ̀ hàn láàárín ohun méjì tí wọ́n fi sẹ̀ǹtímítà 75 jìnnà síra. Níbẹ̀, kíkúrú jẹ́ èrè, torí pé ẹni tó ṣe ẹ̀rọ ló fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Kí ẹ̀rọ dákú ká sì pè é ní àṣeyọrí ni kò tọ́.

Kí àwọn olùṣèwádìí máa kọ iye júùlù, iye ìgbà tí ẹ̀rọ lè tún un ṣe, àti bí cathode ṣe ń pẹ́ tó, mọ́ iye wáàtì. Ìwé ìwádìí tó bá fo èyíkéyìí nínú wọn kò tíì ròyìn ẹ̀rọ rẹ̀ tán.