Ọmọ tó forí gbárí lórí pápá, ẹ má jẹ́ kó padà sínú eré

Ẹ̀yin ará Ifangni, láti Igolo dé Banigbé, bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, àwọn ọmọ wa ti wà lórí pápá nìyẹn. Inú wa dùn sí i. Ṣùgbọ́n bí ọmọ méjì bá fò sókè tí wọ́n forí gbárí, kí là ń ṣe? A ó da omi tútù sí i lórí, a ó ní "dìde, ṣebí ọkùnrin ni ẹ́", eré á sì máa lọ.

Kì í ṣe àwa nìkan. Lọ́jọ́ 25 oṣù kìíní ọdún 2022, ní Bafoussam, Sadio Mané ti Sénégal àti Vozinha, aṣọ́lé Cap-Vert, forí gbárí níbi ìdíje ife Áfíríkà. Mané ṣubú, ó dìde, wọ́n jẹ́ kó máa gbá a lọ. Ó tiẹ̀ jẹ gólù kan. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ara rẹ̀ ò gbé e mọ́, wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, ó sì di òsìbítù.

Ara rẹ̀ yá, Sénégal sì gba ife. Àwọn kan á ní: "Ẹ ò rí i? Kò sí nǹkan kan ńbẹ̀." Àwa ní oríire lèyí. Dókítà wà létí pápá tiwọn. Ta ló wà létí tiwa?

Ọpọlọ ló ń mì nínú agbárí. Ẹ̀jẹ̀ lè má jáde, ọmọ lè má dákú, síbẹ̀ ọpọlọ ti farapa. Bí orí bá ń fọ́ ọ, tí òòyì ń kọ́ ọ, tó ń bì, tàbí tó ń béèrè ohun kan náà léraléra, eré ti parí fún un lọ́jọ́ náà. Ọpọlọ ọmọdé kì í tètè san bíi ti àgbà. Bó bá tún fi orí gbá nǹkan kí ti àkọ́kọ́ tó san, ọpọlọ lè wú, ó sì lè pa á.

Bí èébì ò bá dáwọ́ dúró, tí gìrì mú un, tí oorun rẹ̀ ò ṣeé jí, ẹ gbé e lọ sí òsìbítù kíákíá. Ẹ má dúró kí ilẹ̀ mọ́.

Láti ọdún 2024, òfin bọ́ọ̀lù àgbáyé ti fàyè gba kí ìdíje yọ̀ǹda ìpààrọ̀ àfikún fún ẹni tó fi orí pa. Tiwa ò tiẹ̀ gba owó. Kí olùkọ́ eré, kóòṣì àdúgbò àti òbí fẹnu kò: a ò ní bi ọmọ bóyá ó fẹ́ máa gbá a lọ, torí bẹ́ẹ̀ ni lá máa wí. Àgbà ló máa pinnu. Kó sì tó padà sórí pápá, kí oníṣègùn kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò.

Níbi ìpàdé òbí tó ń bọ̀ nílé ẹ̀kọ́ yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé ọ̀rọ̀ yìí kalẹ̀.