Igbó Tí Ìlú Kò Bá Ṣọ́, Ìwé Ìjọba Kò Lè Ṣọ́ Ọ

Ẹ̀yin olóyè àti ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé ilẹ̀ Okun, ọ̀rọ̀ kan wà tí a ti gbọ́ léraléra lẹ́nu àwọn ènìyàn wa, ó sì tó àkókò kí a fèsì sí i. Wọ́n ní àṣà òyìnbó ni kí a pààlà igbó sọ́tọ̀ kí ẹnikẹ́ni má fi àdá kàn án. Wọ́n ní àwọn ará etíkun, tí igbó kìjikìji wọn pọ̀, ni irú nǹkan bẹ́ẹ̀ tọ́ sí. Pé àwa ará Igbaruku àti gbogbo Yàgbà, tí igbó wa kò ju ẹsẹ̀ òkè àti etí odò lọ, kò ní ohun kan tí a ó fi pamọ́. Irọ́ ni apá kìíní ọ̀rọ̀ náà. Ewu ni apá kejì.

Kí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì tó ya igbó Olókemèjì sọ́tọ̀ ní 1899, àwọn baba wa ti ní igbó tí a kì í dáko sí, tí a kì í ṣẹ́ igi rẹ̀, tí ọdẹ kì í sì í yìnbọn nínú rẹ̀. Ẹni tí ó bá rú òfin náà mọ ohun tí ojú rẹ̀ yóò rí lọ́wọ́ àwọn àgbà. Kí ni òyìnbó fi kún un, bí kò ṣe ìwé àti òǹtẹ̀?

Àwọn ará wa nínú ìjọ yóò wí pé igbó òrìṣà ni. Òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni àwa náà, a kò sì bọ òrìṣà kankan. Ṣùgbọ́n igi kò dẹ́ṣẹ̀. Inú ọgbà ni Ẹlẹ́dàá kọ́kọ́ fi ènìyàn sí, ìtọ́jú ọgbà náà ni ó sì gbé lé e lọ́wọ́. Ẹni tí ó gé ìrókò nítorí pé a ti bọ ọ́ rí, tí ó sì ta pákó rẹ̀ fún oníṣòwò gẹdú, kì í ṣe òrìṣà ni ó ń bá jà. Àpò ara rẹ̀ ni ó ń kún. Àwọn ọ̀mọ̀wé kan náà tí ń pe igbó baba wọn ní igbó èṣù a máa sanwó wọlé ní Lekki, nínú ọgbà hẹ́kítà 78 tí Nigerian Conservation Foundation dá sílẹ̀ ní 1990. Wọn a rìn lórí afárá orí igi tí ó gùn ní mítà 401, wọn a wo ọ̀bọ, wọn a sì wálé ròyìn. Ọ̀bọ Lekki jẹ́ ìran. Ọ̀bọ Yàgbà jẹ́ ẹran ọbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìhà etíkun náà dáadáa. Igbó Omo ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú di igbó ìjọba ní 1925. Ó ju hẹ́kítà 130,000 lọ. Ní 1946 a ya hẹ́kítà 460 nínú rẹ̀ sọ́tọ̀ pátápátá. Ní 1977 àjọ UNESCO kà á mọ́ àwọn igbó pàtàkì àgbáyé. Erin ṣì wà níbẹ̀. Ìwé wo ni ó kù tí a kò kọ? Síbẹ̀ àwọn agégẹdú wọlé, oko kòkó tẹ̀lé wọn, nítorí pé ẹ̀ṣọ́ kò tó, àwọn tí ó yí igbó náà ká kò sì kà á sí tiwọn. Igbó ìjọba ni wọ́n ń pè é, ohun ìjọba sì ni ohun tí kò ní olówó.

Ẹ wá yí ojú sí Òṣogbo. Igbó Ọ̀ṣun kò ju hẹ́kítà 75 lọ, ní bèbè ìlú ńlá. Ìjọba fúnra rẹ̀ ti gbin igi tíìkì sí apá kan rẹ̀ rí, àwọn tí ń ta ilẹ̀ sì ti na ọwọ́ sí i. Àwọn olùbọ Ọ̀ṣun, àwọn oníṣọ̀nà ìlú, àti Susanne Wenger tí a ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, dúró, wọn kò gbà. Ní 1965 apá kan rẹ̀ di ohun ìrántí orílẹ̀-èdè, ní 1992 gbogbo rẹ̀, ní 2005 UNESCO sì kà á mọ́ ogún àgbáyé. Àwọn aráàlú ni ó ṣáájú. Òfin ni ó tẹ̀lé wọn. Ìdí nìyí tí igbó kékeré fi dúró níbi tí igbó ńlá ti ń ṣá.

Ní ilé wa ńkọ́? Kogi wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tí a ti kó igi apẹpẹ, tí àwọn oníṣòwò ń pè ní rosewood, lọ sí ilẹ̀ Ṣáínà. Ní 2017 àdéhùn CITES fi igi náà sábẹ́ ìṣọ́, ní 2018 a sì dá òwò rẹ̀ láti Nàìjíríà dúró. Ṣùgbọ́n èyí tí a ti gé kò padà sórí kùkùté. Ẹ sì rántí odò Kampe, tí ìsédò Omi ní Ejiba gbójú lé. Igbó orí odò ni ó ń gba òjò mọ́ra, tí ó sì ń tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Bí a bá gé e tán, àgbàrá yóò gbé iyẹ̀pẹ̀ dí odò, ẹni tí ó ń gbin ìrẹsì nísàlẹ̀ yóò sì san gbèsè ẹni tí ó ta gẹdú lókè.

Àgbẹ̀ yóò bi wá pé, “Níbo ni kí n dáko sí?” Ìbéèrè rere ni. A kò béèrè gbogbo ilẹ̀. Orísun omi àti igbó tí ó kù la béèrè. Ìdílé tí ilẹ̀ rẹ̀ bá bọ́ sínú ààlà gbọ́dọ̀ gba ilẹ̀ mìíràn lọ́wọ́ ìlú kí a tó ri òpó ààlà mọ́lẹ̀. Bí a bá fi ìyà jẹ àgbẹ̀ nítorí igbó, òun ni yóò kọ́kọ́ fi iná sí i.

Nítorí náà, ẹ̀yin olóyè, ọ̀dọ̀ yín ni ọ̀rọ̀ yìí parí sí. Ẹ pe ìlú jọ, ẹ pààlà igbó náà ní gbangba, lójú ọ̀dọ́ àti àgbà. Kí olóyè kankan má ta igi inú rẹ̀ láìjẹ́ pé gbogbo ìlú fọwọ́ sí i. Ẹ fi ìṣọ́ rẹ̀ lé àwọn ọdẹ wa lọ́wọ́, kí ẹ sì fún wọn ní owó iṣẹ́ wọn. Kí àwọn olùkọ́ máa kó ọmọ ilé-ìwé wọ inú rẹ̀, kí ọmọ Okun lè mọ apá yàtọ̀ sí ìrókò, kí ó sì pe orúkọ wọn ní èdè baba rẹ̀. Bí ẹ bá jókòó de ìwé láti Àbújá, ẹ ó rí ìwé gbà. Ẹ kò ní rí igbó.