Ẹnu Tó Jẹ Dòdò Kò Lè Sọ Òdodo

Ọ̀pọ̀ wa kì í gba àyẹ̀wò géèmù gbọ́ mọ́. Bí ẹ bá bi àwọn ọ̀rẹ́ mi, wọ́n á ní owó ìpolówó ló bà á jẹ́. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n lójú tèmi, òtítọ́ tí kò pé ló burú jù.

Ọ̀rọ̀ owó wà ńbẹ̀ lóòótọ́. Ní oṣù Kọkànlá 2007, GameSpot lé Jeff Gerstmann lẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn tó fún Kane & Lynch ní 6.0 péré, nígbà tí ìpolówó géèmù yẹn gan-an wà lójú ewé wọn. Ní 2012, òun fúnra rẹ̀ ṣàlàyé pé ìbínú àwọn tó ń polówó wà nídìí ẹ̀. Ẹnu tó jẹ dòdò kò lè sọ òdodo.

Àmọ́ ẹ wo Cyberpunk 2077, tó jáde ní ọjọ́ 10 oṣù Kejìlá 2020. Ẹ̀dà ti kọ̀ǹpútà nìkan ni CD Projekt fún àwọn aṣàyẹ̀wò kó tó jáde. Wọ́n yìn ín, wọn ò sì purọ́. Ṣùgbọ́n lórí PS4, ṣe ló ń fà, tó ń kú lójijì. Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí Sony fi yọ ọ́ kúrò lórí àtẹ, tó sì ní òun á dá owó padà.

Àwa tí a ti ka Paul Grice mọ àléébù ibẹ̀. Ó ní ká má sọ ohun tí kò dá wa lójú. Ó tún ní kí ọ̀rọ̀ wa kún tó bó ṣe yẹ. Wọ́n pa ti àkọ́kọ́ mọ́, wọ́n kùnà èkejì. PS4 là ń béèrè, kọ̀ǹpútà ni wọ́n fi dáhùn.

Ní Ajégúnlẹ̀ tí mo dàgbà sí, àṣìrà díìsìkì kan lè jẹ owó oúnjẹ oṣù kan, kò sì sí Sony tí yóò dá a padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ẹnu àwọn ọmọ ṣọ́ọ̀bù géèmù gbọ́. Wọ́n ń sanwó máàṣì kọ̀ọ̀kan, ẹ̀rọ àtijọ́ tí a ní ni wọ́n ń lò. Bí wọ́n bá ní ó ń fà, ó ń fà nìyẹn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ wọn kì í dé Àpápá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, torí pé ẹnì kankan kì í kọ ọ́ sílẹ̀.

Àwọn tó ń kọ ọ́ gan-an ń dínkù. Game Informer, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1991, kógbá wọlé ní oṣù Kẹjọ 2024, kí ẹlòmíràn tó jí i dìde ní 2025. Ta ni yóò wá sọ iye dátà tí géèmù orí fóònù ń jẹ fún wa?

Ẹ jẹ́ kí ìwé ìròyìn wa ya ojú ewé kan sọ́tọ̀ fún àyẹ̀wò géèmù lédè Yorùbá. A ti ní “lámèyítọ́” tipẹ́. Kí lámèyítọ́ kọ̀ọ̀kan kọ́kọ́ sọ nǹkan mẹ́ta: ta ló sanwó géèmù náà, ẹ̀rọ wo ló fi gbá a, wákàtí mélòó ló lò nídìí ẹ̀? Ẹni tí kò bá lè dáhùn, ìpolówó ló ń ṣe.

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tí ẹ ti jáde, ẹ lè ra díìsìkì àkọ́kọ́ fún wa. A ó kọ ọ́ síbẹ̀ gbàgàdà pé ẹ̀yin lẹ sanwó.