Àwàdà Tó Ní Gọ́ọ̀mù

The Restless Supermarket tí Ivan Vladislavić kọ ni mo tún gbé kà lọ́sẹ̀ yìí. Ọdún 2001 ló jáde, Hillbrow wa níbí ní Johannesburg ló sì dá lé. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí. Ta ni kò ní rẹ́rìn-ín sí Aubrey Tearle, òṣìṣẹ́fẹ̀yìntì tó ti fi ọ̀pọ̀ ọdún wá àṣìkọ nínú ìwé nọ́ńbà tẹlifóònù, tó wá fìdí mọ́ Café Europa, tó ń ka àṣìṣe tó wà lára pátákó àti mẹ́nù bí ẹni ń ka ẹ̀ṣẹ̀? Àmọ́ irú àwàdà yìí, àgbálùmọ̀ ni: omi dídùn rẹ̀ la kọ́kọ́ ń fà mu, ó dìgbà tá a bá jẹ ẹ́ pẹ́ ká tó mọ̀ pé gọ́ọ̀mù ti lẹ̀ mọ́ wa létè. Kì í ṣe lẹ́tà nìkan ni bàbá yìí fẹ́ tún ṣe. Ọdún 1993 ni ìtàn náà wáyé, ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà ń kógbá sílé, àwọn aláwọ̀ dúdú ti kún Hillbrow. Lójú Tearle, àwọn gan-an ni àṣìkọ. (Àwa ará Ìbàdàn àti Ìjẹ̀bú tá a kó dé lẹ́yìn náà ńkọ́? Fífagi lé ni!) Vladislavić ò bú u rárá. Ó kàn fún un láyè kó máa rojọ́ lọ, ẹnu ara rẹ̀ ló sì fi tú àṣírí ara rẹ̀. Ẹni tó bá ní eré ọ̀rọ̀ lásán ni ìwé yẹn, kò tíì kà á tán. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ní in nílé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un kà.