Igi Wo Ni Yóò Ru Orúkọ Wa?

A gbọ́ pé àwọn olóyè wa fẹ́ fi ẹ̀rọ lésà kọ orúkọ ẹgbẹ́ sára pákó, kí wọ́n sì gbé e síta lẹ́bàá ọ̀nà. Èrò náà dára. Ṣùgbọ́n a tún gbọ́ pé pákó arère ni wọ́n fẹ́ lò, nítorí pé kò wọ́n, lẹ́tà sì máa ń hàn kedere lára rẹ̀. Ibi tí a kò ti gbà nìyẹn. Àwọn àgbà ní igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè ni a ti ń wò ó.

Òótọ́ ni pé arère funfun, ó sì rọ̀. Iná lésà á jó o, lẹ́tà á yọ bíi tàdáwà lórí ìwé. Ṣùgbọ́n inú ilé ló yẹ ẹ́. Níta, òjò àti ikán ni yóò pín in mọ́wọ́. Ìlànà EN 350 ti ilẹ̀ Yúróòpù to igi sí ipele 1 dé 5, gẹ́gẹ́ bí ó ṣe lè kọ ìjẹrà sí. Ìrókò wà ní ipele 1 sí 2. Arère wà ní 5, ìsàlẹ̀ pátápátá. Plywood lásán kò sàn jù ú lọ: bí omi bá wọ inú rẹ̀, yóò ṣí ní abala-abala.

Ìrókò ni àwa fara mọ́. A mọ̀ pé òun náà ní àléébù. Ó wọ́n, àwọ̀ rẹ̀ pọ́n, ojú rẹ̀ kò sì kúnná. Lẹ́tà tí lésà bá jó sí i lóréfèé kò ní hàn lókèèrè. Àmì ohùn àti àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ lè sọnù sójú igi. Èyí ká wa lára púpọ̀. Kàdúná àti Jos ni ọ̀pọ̀ nínú wa dàgbà sí. Ó ṣọ̀wọ́n kí a tó rí Yorùbá lójú pópó níbẹ̀. Bí pátákó ẹgbẹ́ wa náà kò bá ní àmì, kí ni a fẹ́ fi kọ́ àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn?

Ọ̀nà àbáyọ wà. Kí lẹ́tà tóbi, kí lésà gbẹ́ ẹ jinlẹ̀, kí a nu èédú inú rẹ̀ kúrò, kí a sì fi ọ̀dà funfun kún un. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé dúdú tí iná ṣe nìkan. Oòrùn àti òjò á mú un ṣá, igi fúnra rẹ̀ á sì di aláwọ̀ eérú. Kí a ra pákó tó ti gbẹ dáadáa, nítorí ọyẹ́ Òkè Ọya máa ń la igi tútù. Kí káfíńtà gé apá funfun tó súnmọ́ èèpo kúrò. Àárín igi ló lágbára. Kí a fi ọ̀dà dí orí pákó méjèèjì, níbi tí omi ti ń tètè wọlé, kí a sì gbé e kọ́ òpó irin, kí ó má fara kan ilẹ̀.

Ìkìlọ̀ kan rèé: ẹ má gbé pákó tí wọ́n fi oògùn tó ní arsenic tọ́jú sábẹ́ lésà. Èéfín rẹ̀ léwu.

Àwọn kan á ní, owó dà? Èsì wa ni pé kí pákó kéré. Orúkọ ẹgbẹ́ nìkan tó; kò pọn dandan kí orúkọ gbogbo olóyè wà níbẹ̀. Ìrókò kékeré tí akẹ́kọ̀ọ́ tí kò tíì wọlé yóò wá bá sàn ju arère gbàǹgbà tí yóò yẹ ọjọ́ ìṣíde nìkan lọ. Olóyè kan ń lọ, òmíràn ń bọ̀. Orúkọ ẹgbẹ́ ló ń dúró. Ẹ jẹ́ kí á gbé e ka orí igi tó lè bá a dúró.