Eré Ọ̀nà Jíjìn àti Eré Àsásinmi: Èwo Ni Ó Yẹ Akànṣẹ́?

Nínú gbogbo eré ìdárayá tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi ọkàn sí, ìjà ẹ̀ṣẹ́ wà lára àwọn tí ó ń béèrè ìmúrasílẹ̀ jù lọ. Ẹ̀ṣẹ́ tí ó ba ènìyàn ni àwọn òǹwòran ń rí. Wọn kì í rí òwúrọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ tí akànṣẹ́ ti fi làágùn kí ó tó bọ ìbọ̀wọ́. Ọwọ́ líle nìkan kò sì tó. Ẹni tí èémí rẹ̀ bá tán lójú ìjà, ọwọ́ rẹ̀ yóò wálẹ̀, ọ̀tá yóò sì máa lù ú bí ẹni lu bàtá. Ìdí nìyí tí gbogbo akànṣẹ́ fi ń sáré. Ṣùgbọ́n irú eré wo ni ó yẹ kí wọ́n máa sá? Ọ̀rọ̀ yìí kan àwọn ọ̀dọ́ Ọ̀tà àti Ṣàngó-Ọ̀tà gbọ̀ngbọ̀n.

Oríṣi eré méjì ni àwọn olùkọ́ni ń jiyàn lé lórí. Èkíní ni eré ọ̀nà jíjìn, tí akànṣẹ́ máa ń fi ìdájí sá níwọ̀n kìlómítà mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá láì dúró. Èkejì ni èyí tí a lè pè ní eré àsásinmi: kí ènìyàn sáré kíkankíkan fún ìgbà díẹ̀, kí ó rọra rìn kí èémí rẹ̀ lè padà, kí ó tún sáré, kí ó tún sinmi.

Àwọn tí ń gbè sẹ́yìn eré ọ̀nà jíjìn kò jẹ̀bi tán. Láyé àtijọ́, abala 15 ni ìjà fún ipò akọni àgbáyé. Nígbà tí Dick Tiger, ọmọ Nàìjíríà, gba ipò náà lọ́wọ́ Gene Fullmer ní San Francisco ní ọjọ́ 23 oṣù kẹwàá ọdún 1962, abala 15 náà ni wọ́n jà pé. Abala kọ̀ọ̀kan jẹ́ ìṣẹ́jú 3, ìsinmi àárín wọn sì jẹ́ ìṣẹ́jú 1; gbogbo rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó wákàtí kan. Nígbà tí àwọn méjèèjì tún pàdé ní pápá ìṣeré Liberty ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 10 oṣù kẹjọ ọdún 1963, Fullmer kò lè jáde mọ́ lẹ́yìn abala keje. Ta ni yóò sọ pé irú ìjà bẹ́ẹ̀ kò fẹ́ agbára àtipẹ́?

Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ẹ̀ṣẹ́ kì í ja abala 15. Abala mẹ́ta ni ó sábà máa ń jà: ìṣẹ́jú 9 fún ìjà, ìṣẹ́jú 2 fún ìsinmi. Láàárín àkókò kúkúrú yìí, kì í fi ìwọ̀n kan náà lo ara rẹ̀. Á rọ̀jò ẹ̀ṣẹ́, á fà sẹ́yìn, á yí ká, á tún kọlu ọ̀tá. Bí ènìyàn bá ń sáré pẹ̀lẹ́, afẹ́fẹ́ tí ó ń mí sínú tó ara rẹ̀ ná. Bí ó bá ń rọ̀jò ẹ̀ṣẹ́, ìnáwó ara ju owó tí ń wọlé lọ. Gbèsè ni ara ń jẹ, ìgbà ìsinmi ni yóò san án. Ẹni tí kò bá kọ́ bí a ti ń tètè san gbèsè yìí, gbèsè ni yóò wọ abala kejì. Eré àsásinmi ni ó ń kọ́ ara ní ẹ̀kọ́ náà, nítorí pé ó jọ ìjà fúnra rẹ̀.

Ẹ̀rí kò sì ṣọ̀wọ́n. Irú eré yìí ni Woldemar Gerschler fi kọ́ Rudolf Harbig ní Jámánì, tí ó fi sá mítà 800 ní ìṣẹ́jú 1 àti ìṣẹ́jú-àáyá 46.6 ní ọdún 1939. Ó di ọdún 1955 kí ẹnikẹ́ni tó borí rẹ̀. Ní ọdún 1996, Izumi Tabata àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan máa wa kẹ̀kẹ́ ojú-kan fún wákàtí kan, lọ́jọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Èémí wọn gùn sí i, ṣùgbọ́n agbára ìkánjú wọn wà bí ó ti wà. Àwọn kejì ń fi ìṣẹ́jú-àáyá 20 wà á kíkankíkan, wọ́n ń fi 10 sinmi, ní ẹ̀ẹ̀méje tàbí mẹ́jọ. Ọjọ́ kan péré lọ́sẹ̀ ni wọ́n ń fi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú wà á pẹ̀lẹ́. Èémí tiwọn náà gùn sí i, agbára ìkánjú wọn sì fi ìdá 28 nínú 100 pọ̀ sí i.

Ní Ọ̀tà, ọ̀rọ̀ náà tún kọjá ti agbára. Ìlú àtijọ́ ti àwọn Àwórì ni Ọ̀tà, ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ ti gbilẹ̀ níbẹ̀. Òpópó Èkó sí Abẹ́òkúta gba Ṣàngó kọjá, èyí tí ó lọ sí Ìdíròkó sì gba Ọ̀tà kọjá. Tírélà, ọkọ̀ epo, dánfó àti ọ̀kadà ń du ọ̀nà mọ́ ara wọn lọ́wọ́. Ọ̀dọ́ tí ó bá jáde lọ sá kìlómítà mẹ́wàá lójú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, inú òkùnkùn ni awakọ̀ yóò ti bá a. Bí ó bá dúró kí ilẹ̀ mọ́, èéfín ń dúró dè é. Ẹni tí ń sáré ń mí kíkan, ó sì ń fa èéfín ju ẹni tí ó jókòó lọ. Ọ̀pọ̀ wọn tún jẹ́ òṣìṣẹ́ tí ó ti dúró nídìí ẹ̀rọ láti òwúrọ̀ tàbí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ òru dé. Ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni yóò tún fi wákàtí kan àbọ̀ gba ojú títì?

Pápá ilé ẹ̀kọ́ tó fún eré àsásinmi. Kí ọ̀dọ́ fi ìṣẹ́jú 10 sáré pẹ̀lẹ́ kí ara rẹ̀ gbóná. Kí ó sáré kíkan fún ìṣẹ́jú 3, kí ó rìn fún ìṣẹ́jú 1, ní ẹ̀ẹ̀mẹ́rin. Láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó ti parí. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ lè fi ìlàjì ìṣẹ́jú sáré, kí ó máa fi díẹ̀díẹ̀ kún un.

Àwọn kan yóò ní eré ọ̀nà jíjìn ni ó ń kọ́ ọkàn ní sùúrù. Òótọ́ ni, ilé tí kò ní ìpìlẹ̀ kì í dúró. Kí a má ṣe pa á tì, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó, ní ọ̀nà tí ọkọ̀ kì í pọ̀ sí. Eré àsásinmi náà kì í ṣe ohun àṣejù. Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí mẹ́ta lọ́sẹ̀ ni, kí ọjọ́ ìsinmi sì wà láàárín wọn.

Ọ̀nà kan kò wọ ọjà, ṣùgbọ́n ọlọ́gbọ́n a máa yan èyí tí yóò gbé e délé láyọ̀. Ó yẹ kí àwọn olùkọ́ni Ọ̀tà fi eré àsásinmi ṣe olórí, kí wọ́n fi eré ọ̀nà jíjìn ṣe ọmọ ẹ̀yìn, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ sì ṣí pápá wọn sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Ọ̀dọ́ tí ọkọ̀ gbá lójú títì kò lè gba ipò akọni kankan mọ́.